Kí Ló Dé Tí Aláṣẹ Fi Ń Bẹ̀rù Eléré?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn òṣèré ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ní Ìbàdàn, ní àyájọ́ Ọjọ́ Tíátà Lágbàáyé

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjòókòó, mo júbà. Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣèré tẹ́ ẹ ti ń fi ìtàgé jẹun kí n tó mọ ọ̀nà ilé tíátà, ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́. Níbi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú ooru náà.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré ìṣèlú, pé ǹjẹ́ eré orí ìtàgé lè tún ìlú ṣe? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yẹn báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ẹ̀ títí n ó fi parí. Rárá o. Eré kan ṣoṣo kì í lé ìjọba lọ. Mi ò tíì dé ìlú tí wọ́n ti ṣeré lálẹ́ Sátidé tí owó oṣù òṣìṣẹ́ wá lé sí i láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Bí eré ò bá lè ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí ìjọba fi ń fòfin dè é? Kí ló dé tí wọ́n fi ń kó ọlọ́pàá ti àwọn tó kun àtíkè, tí idà ọwọ́ wọn jẹ́ páálí? Kí ló dé tí wọ́n fi ń wó ilé tíátà palẹ̀? Aláṣẹ kì í fi agbára ṣòfò lórí ohun tí kò dùn ún. Ìbẹ̀rù wọn yẹn ni mo fẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ẹ̀ lónìí, ká lè mọ ohun tí wọ́n rí lára iṣẹ́ wa tí àwa fúnra wa kì í sábà rí.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé. Eré kì í sọ ohun tí ará ìlú ò mọ̀ fún wọn. Ta ni kò mọ̀ pé ebi ń pa òun? Ta ni kò mọ̀ pé káńsẹ́lọ̀ ti jẹ owó títì? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kálukú mọ̀ ọ́n ní kọ̀rọ̀ yàrá tirẹ̀, ó ń rò pé bóyá òun nìkan ni inú ń bí. Eré ló máa kó ẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan, tí ọba burúkú á yọ lórí ìtàgé, tí ẹ̀rín á bú, tí kálukú á wá fetí ara ẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín ẹnìkejì. Ẹ̀rín yẹn, ìbò ni. Wọ́n ti dì í lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí akọ̀wé ètò ìdìbò tó lè yí èsì ẹ̀ padà. Òun ni aláṣẹ ń gbọ́ tí kì í rí oorun sùn.

Kí gbọ̀ngàn tó dé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òyìnbó ló kọ́ wa láti máa fi eré bá aláṣẹ wí. Àwọn ará Kétu, tó wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ báyìí, àti àwọn ará Yewa lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Òru Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú ijó ojú ọ̀sán. Lóru ọjọ́ yẹn, Ẹ̀fẹ̀ á yọ sójú agbo, á fi orin tú àṣírí olè, á bá oníṣekúṣe wí, á kan ìjòyè tó jẹ owó ìlú lójú, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ọdún 2001 ni UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Àwọn tó ni ín ò dúró dè wọ́n. Níbí ní Ìbàdàn ńkọ́? Ta ló fẹ́ sọ pé òun ò gbọ́ orin Òkèbàdàn rí? Ẹ má wojú mi, mi ò ní kọ ọ́. Àwọn ìyá wa wà níjòókòó.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, ní oṣù kejì ọdún 1826. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lọ́dọ̀ Aláàfin, àwọn eégún aláré sì wá ṣeré. Wọ́n kọ́kọ́ jó, wọ́n tàkìtì nínú àpò. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ìran bí wọ́n ṣe ń mú erè. Nígbà tó kan ìran kẹta, òṣèré kan ṣoṣo ló kù láàárín agbo, àpò bò ó látorí délẹ̀. Àpò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun kan yọ. Ariwo ta! Nígbà tí àpò jábọ́ tán, òyìnbó ló dúró síbẹ̀: ara ẹ̀ funfun bí ìda, ó rù kan eegun, òtútù ń mú un. Ó ń fín aáṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń tẹlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn òǹwòran wá ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó dáadáa o. Clapperton fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò ẹ̀, ó sì jọ pé ó gbádùn ẹ̀.

Wọn ò bú u, wọn ò lé e. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé àlejò abàmì yẹn sáàárín agbo, wọ́n jẹ́ kí gbogbo ìlú rí i pé ènìyàn ni, òtútù máa ń mú un, ẹsẹ̀ sì máa ń dùn ún. Ó ku bí ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn ará ilé ẹ̀ tó wá gba ilẹ̀ yìí. Àwọn aláré ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.

Ọlọ́pàá tó di eléré

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀ kalẹ̀ sórí Hubert Ògúndé, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ eré ìṣèlú nílẹ̀ wa tó fo Ògúndé, ó ń tan ara ẹ̀.

Ọmọ Òṣósà ni, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, 1916 ni wọ́n bí i. Ó ṣe tíṣà, ó tún wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1944 nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ní kó bá àwọn gbé eré Ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Glover, l'Ékòó. Èrò wọ́ wá. Lọ́dún kejì ó dá ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ní 1945. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó. Ìjọba ti fi owó ìrànwọ́ kún ti àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ọba, wọ́n ní kí aláwọ̀ dúdú máa mú sùúrù. Ní oṣù kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé, ti ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn mìíràn yan iṣẹ́ lódì. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ reluwé tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n há a mọ́, ló ṣíwájú. Ó lé ní oṣù kan. Ògúndé gbé ìyanṣẹ́lódì yẹn, ó sọ ọ́ di eré tó pè ní *Strike and Hunger*. Ọlọ́pàá àná ló ń fi orin gbè sẹ́yìn àwọn tí wọ́n ń rán ọlọ́pàá sí! Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, ìjọba dá eré dúró, wọ́n wọ́ ọ lọ sí kóòtù, wọ́n ní kó sanwó ìtanràn.

Ṣé ó wá sinmi? Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, wọ́n pa ènìyàn 21. Lọ́dún 1950, Ògúndé gbé *Bread and Bullet* jáde. Ẹ wo àkọlé yẹn: búrẹ́dì ni wọ́n bèèrè, ọta ìbọn ni wọ́n fún wọn. Ìjọba tún dá a lọ́nà ní Kánò.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nígbà tó ń múra eré *Tiger's Empire* ní 1946, Ògúndé polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa ṣeré gba owó. Kò wọ́pọ̀ nígbà náà; ìyá wo ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ń bá aláré kiri? Ó rí wọn, orúkọ wọn sì wọ ìwé ìpolówó gẹ́gẹ́ bí òṣèré. Nígbà tó yá, kí àwọn ènìyàn má baà fẹ́ wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó fẹ́ wọn fúnra ẹ̀. Ẹ lè bá a jà lórí ìyẹn, èmi náà á bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n àyípadà wà níbẹ̀: láti ìgbà yẹn ni obìnrin ti ń dúró lórí ìtàgé Yorùbá gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́.

Alẹ́ tí Olórí Ìjọba dìde

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni ọdún 1964.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹgbẹ́ Action Group ti fọ́ sí méjì láti 1962. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Oṣù kẹsàn-án 1963 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un. Igbákejì ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn níbí n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé àtìlẹ́yìn àwọn alágbára Òkè Ọya ló fi dúró. Àwọn tirẹ̀ wá dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin sílẹ̀, ẹgbẹ́ àṣà, wọ́n ní kí Ògúndé wá ṣeré fún àwọn. Wọ́n pè é o! Àwọn ló gbé iṣẹ́ fún un, àwọn ló wọ agbádá wá, àwọn ló jókòó síwájú.

*Yorùbá Ronú* ni Ògúndé pe eré náà. Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí ọba kan tí igbákejì ẹ̀ dalẹ̀ ẹ̀, tó fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Wọ́n rí ìlú tí ìyà ń jẹ lábẹ́ ẹni tó rọ́pò ẹ̀. Wọ́n rí i tí ará ìlú dìde. Ògúndé ò dárúkọ ẹnì kankan. Kò sí ẹni tó múra bí Akíntọ́lá, kò sí ẹni tó dé fìlà Awólọ́wọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Olórí ìjọba dìde, ó jáde. Àwọn tó tẹ̀lé e wá náà jáde.

Mo máa ń ro ìdìde yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní ó jókòó ńkọ́? Ká ní ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ògúndé, o káre, ìtàn yìí dùn"? Akíntọ́lá tí a mọ̀, tí ẹnu ẹ̀ mú, tó lè fi àwàdà kan pa ọ̀rọ̀ gbogbo alátakò! Bóyá eré yẹn ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde. Ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tó ń rò pé ìtàn ayé àtijọ́ lòun ń wò, ìgbà yẹn gan-an ni tirẹ̀ yé e. Òun nìkan kọ́. Ó tún rí i pé ó ti yé ẹni tó jókòó tì í. Kò sí olùdarí eré tó lè gbé ìran tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Olórí ìjọba ló fúnra ẹ̀ parí eré fún Ògúndé.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kéde pé ẹgbẹ́ eléré Ògúndé ti di ẹgbẹ́ tí kò bófin mu. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni wọ́n dè, odindi ẹgbẹ́ ni. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìjẹ̀bú-Òde, Oǹdó, Àkúrẹ́, gbogbo ibi tí èrò rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ìtàgé níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ eléré, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Owó oṣù, owó mọ́tò, owó ilé ìwé ọmọ. Èsì wo ló fọ̀? Ó gbé eré mìíràn jáde, ó pè é ní *Òtítọ́ Korò*. Èkó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ Ìbàdàn ò tó o níbẹ̀.

Ó tó bí ọdún méjì. Ìgbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní 1966 ni Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, tí wọ́n fi jẹ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, tú òfin náà ká.

Ṣé Yorùbá ronú ṣá? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa, torí pé àwa eléré fẹ́ràn láti máa yin iṣẹ́ wa. Wọn ò ronú. Lẹ́yìn eré yẹn ni ìdìbò 1965 dé, tí wọ́n ṣe mágòmágó, tí wọ́n ń fi epo bẹntiróòlù sun ènìyàn àti ilé, wẹ́ẹ̀tì ẹ̀ káàkiri ìgboro. Ìbọn ló lé ìjọba yẹn lọ, eré kọ́. Ohun tí eré ṣe ni pé ó fún àwọn tí kò lóhùn ní gbólóhùn kan tí wọ́n jọ ní, ìjọba sì fi òfin tirẹ̀ bá wọn polówó gbólóhùn náà. Títí di òní, níbi tí Yorùbá méjì bá ti ń jà sí ipò, ẹnì kan á sọ ọ́.

Ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀

Báwo ni Ògúndé ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un? Àwọn kan máa sọ pé ìgboyà ni. Ìgboyà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àpò ẹ̀. Ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀ kì í sọ òdodo, Ògúndé ò sì jẹ dọ̀dọ̀ ìjọba. Owó ìwọlé ló ń jẹ. Awakọ̀, ìyá ọlọ́jà, akọ̀wé kékeré, télọ̀, wọ́n ń san ṣílè wọn lẹ́nu ọ̀nà láti ìlú dé ìlú, fún ogún ọdún kí 1964 tó dé. Àwọn wọ̀nyẹn ló ni ín. Iṣẹ́ tí àwọn Ọlọ́fin gbé fún un, iṣẹ́ kan ni nínú ọ̀pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tiwa báyìí. Mo wà ní ọjà kan ní ìlú kékeré kan nígbà tí ẹgbẹ́ eléré kan wá ṣe eré ìmọ́tótó. Àjọ kan tó ń gba owó láti òkè òkun ló rán wọn, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn dára, aṣọ wọn bára mu, wọ́n sì gbé àga fún káńsẹ́lọ̀ síwájú. Ìyàwó ọ̀lẹ kan ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Kì í fọ ọwọ́ ọmọ. Onígbáméjì wọlé wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ ọwọ́, wọ́n kọrin, wọ́n jó, ó parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọṣẹ.

Ìyá aláta kan dìde, agolo tó fi ń wọn ata ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ò ní rí àìsàn. Omi ńkọ́? Ẹ̀rọ omi ọjà yìí ti dákẹ́ tipẹ́. Owó la fi ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ṣé èyí tá à ń mu ni ká fi máa fọ ọwọ́ nígbà gbogbo?"

Olórí eléré wo káńsẹ́lọ̀. Káńsẹ́lọ̀ ń wo fóònù. Olórí eléré wá ní, "Màmá, ìyẹn ò sí nínú eré wa."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín tí mo ń wí láti àárọ̀ rèé. Kì í ṣe nínú eré ló ti wá o, ẹ̀yìn eré ló ti wá. Ọmọ yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó mọṣẹ́. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ló sọ pé kó kọ́ wọn ní ọwọ́ fífọ̀, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ó wá bá tálákà lójú ọjà, ó ní ìwà ẹ̀ ló fa ìyà ẹ̀, ó ṣẹ́wọ́ sí i, ó fún un ní ọṣẹ, ó lọ. Ìyẹn náà eré ìṣèlú ni. Ẹ̀gbẹ́ káńsẹ́lọ̀ ló wà ni.

Àwọn ará Kamĩrĩĩthũ

Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kẹ́ńyà.

Abúlé kan wà ní Limuru, kò jìnnà sí Nairobi, Kamĩrĩĩthũ lorúkọ ẹ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀, òṣìṣẹ́ oko tíì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà, àti àwọn tí kò níṣẹ́. Ní 1977, Ngũgĩ wa Thiong'o, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ eré kan ní èdè Gĩkũyũ fún wọn, *Ngaahika Ndeenda*. Kĩgũũnda, alágbàṣe oko, ní ilẹ̀ éékà kan àti ààbọ̀ péré. Ìwé ilẹ̀ náà ló fi kọ́ ara ògiri. Ọ̀gá ẹ̀, Kĩoi, olówó tó jẹ́ onígbàgbọ́, rọ̀ ọ́ pé kó wá ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyàwó tó ti fẹ́ tipẹ́. Owó ńkọ́? Kó yáwó. Kí ni yóò fi dúró? Ìwé ilẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tó ń já sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ka eré náà sétí gbogbo abúlé. Àwọn àgbà ní, "Rárá, ẹni tó dàgbà tó báyìí kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀," wọ́n tún èdè ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ iye tí wọ́n ń gbà gan-an, ó wọnú eré. Àwọn tó bá òyìnbó amúnisìn ja ogun Mau Mau sọ bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn. Ìgbáradì wọn, ìta gbangba ni. Ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró kó ní ohun tí ẹ ń ṣe yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ará abúlé fúnra wọn ló kọ́ ìtàgé àti ìjókòó tó gba ènìyàn 2,000, láìní òrùlé. Kí ọjọ́ eré tó pé, gbogbo ìlú ti mọ eré yẹn lórí.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 1977, ọjọ́ Àìkú, ni wọ́n ṣí i. Èrò ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Kí ọdún tó parí, wọ́n wá gbé Ngũgĩ wa Thiong'o nílé ẹ̀ lóru, wọ́n tì í mọ́ Kamĩtĩ, ẹ̀wọ̀n láìrójú adájọ́, títí di oṣù kejìlá 1978. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ọkùnrin yìí ti ń kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tó bú ìjọba náà gan-an. Wọn ò mú un. Ìgbà tó fi èdè alágbàṣe oko kọ ọ́, tí alágbàṣe oko fúnra ẹ̀ sì gun orí ìtàgé, ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí. Ní 1982, àwọn ará abúlé tún fẹ́ ṣe eré mìíràn. Ìjọba ò gbà fún wọn, ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni wọ́n sì rán ọlọ́pàá lọ wó ìtàgé Kamĩrĩĩthũ palẹ̀. Àwọn Ngũgĩ méjèèjì fi ìlú sílẹ̀.

Kí ni ìjọba rí níbẹ̀ tó fi wó igi àti pákó? Ohun tí mo rò ni pé ọ̀rọ̀ inú eré nìkan kọ́. Wọ́n rí abúlé tó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ara ẹni: ta ló máa gbé pákó wá, ta ló máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà, báwo la ṣe máa parí ìjà. Ẹni tó bá ti mọ èyí tán lè ṣètò ohun mìíràn.

Ẹ̀jẹ̀ ta ni?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n ó fi ta yín jí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn eré tó gbóná.

Augusto Boal, ará Brazil, ń bá ẹgbẹ́ eléré São Paulo kan kiri àríwá ìlà-oòrùn Brazil ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Níwájú àwọn àgbẹ̀ tí onílẹ̀ ti lé kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n ṣe eré kan, wọ́n gbé ìbọn onípákó sókè, wọ́n kọrin pé ká ta ẹ̀jẹ̀ wa sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn eré, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Virgílio wá bá wọn, omijé lójú ẹ̀. Ó ní èrò àwọn ò yàtọ̀ rárá. Ó ní kí wọ́n jẹun, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ìbọn yẹn ká jọ lọ gba ilẹ̀. Ojú tì wọ́n. Wọ́n ní ìbọn yìí ò lè yìn. Ó ní kò burú, àwọn ní ìbọn gidi, ẹ ṣá ká lọ. Wọ́n ní àwa òṣèré ni wá, a kì í ṣe àgbẹ̀. Virgílio wá dá wọn lóhùn pé tí ẹ bá ní ká ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tiwa lẹ ń wí nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Boal ò gbàgbé e. Àwọn ológun mú un ní 1971, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó sá jáde nílùú. Ní Peru, ní 1973, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú eré mìíràn. Wọ́n á ṣe ìṣòro kan dé ibi tí ìyà ti jẹ ẹni tí wọ́n ń ni lára, wọ́n á dá a dúró. Wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Òǹwòran tó bá rí ibi tí òun ì bá ti ṣe é yàtọ̀ á kígbe "Dúró!", á gun orí ìtàgé, á gba ipò òṣèré, á ṣe tirẹ̀. Àwọn tó kù á kọjú ìjà sí i bí ọ̀gá, bí ọlọ́pàá, bí onílé ṣe máa ṣe nílé ayé. Bí ọgbọ́n ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn á tún wá. Nígbà tí wọ́n wá dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Rio de Janeiro, láti 1993 sí 1996, ó ń gbé irú eré bẹ́ẹ̀ lọ sí àdúgbò, àwọn àbá tó jáde níbẹ̀ ló ń gbé wọ ìgbìmọ̀, díẹ̀ nínú wọn sì di òfin. Ká ní ìyá aláta wa wà níbẹ̀, ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń fọ ọwọ́ ló máa ti kígbe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti sọ ọ̀nà Boal yìí di ohun tí wọ́n ń fi gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí. Ẹ máa rántí Virgílio.

Fóònù ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára. Àwàdà orí fóònù náà eré ni, agbára sì wà nínú ẹ̀. Débọ̀ Adédayọ̀ tí gbogbo yín mọ̀ sí Mr Macaroni wà lára àwọn tí ọlọ́pàá kó ní Lẹ́kkí ní oṣù kejì 2021, nígbà tí wọ́n jáde lọ fi ẹ̀hónú hàn. Òun ò dúró sórí fóònù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé fóònù tún ti dá wa padà sí kọ̀rọ̀ yàrá. Mo rẹ́rìn-ín tèmi lórí ibùsùn, ìwọ rẹ́rìn-ín tìrẹ nínú dánfó, a ò gbọ́ ẹ̀rín ara wa. A kàn rí iye tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ohun tí n ó ṣe tí mo bá wà ní ọjọ́ orí yín: n ó kó ènìyàn mẹ́fà jọ, n ó lọ sí gáréèjì tàbí ọjà kan tí mo mọ ará ibẹ̀, n ó jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́ kí n tó kọ ìlà kan. Ohun tí wọ́n bá sọ ni n ó fi ṣeré, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Tó bá jẹ́ àádọ́ta náírà, n ó gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, kó lè jẹ́ pé àwọn ló gbé iṣẹ́ fún mi. N ó sì rí i dájú pé kò sí àga kan tó yàtọ̀ níwájú.

Alága ti ń nawọ́ sí aago. Ó ku ìbéèrè. Arábìnrin tó wọ aṣọ àdìrẹ lẹ́yìn yẹn ti nawọ́ tipẹ́, ojú ẹ̀ sì jọ ti ẹni tí kò gbà pẹ̀lú mi. Ẹ bá mi gbé máíkì fún un.